Kànga àdúgbò méje, owó tó lè tún mẹ́ta ṣe: èwo ni ká kọ́kọ́ dáàbò bò?

Akọ̀wéÀdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo àti gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa omi.

Kànga méje ni gbogbo ènìyàn ń pọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní àdúgbò wa, ní ìdagẹ̀rẹ̀ tó lọ sí odò Ọ̀ṣun. Mẹ́rin jẹ́ àfọwọ́gbẹ́, mẹ́ta jẹ́ kànga ẹ̀rọ. Owó tí ẹgbẹ́ onílé kó jọ lè tún mẹ́ta ṣe dáadáa, kò tó méje. Ẹnu ìpàdé kò sì kò. Àwọn kan ní ká máa da kilorínì sí méjèèje lóṣooṣù. Àwọn kan ní ká fi owó náà gbẹ́ tuntun. Àwọn tó kù ní ká mọ ọgbà yí wọn ká.

Mẹ́rin tó ń fa ọ̀rọ̀ nìyí:

Kànga ọjà: àfọwọ́gbẹ́, mítà 9 jíjìn, ènìyàn bí 300 ń pọn ún lójúmọ́. Pèpéle rẹ̀ ti sán, gọ́tà ti dí, omi ń dágún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣaláńgá ọjà wà lápá òkè rẹ̀ ní mítà 22. Kálukú ló ń gbé doro tirẹ̀ wá.

Kànga ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ mẹkáníìkì: mítà 45 jíjìn, ènìyàn bí 200. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wà ní mítà 18 sí i. Omi rẹ̀ ti ń rùn epo fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kànga ilé ẹ̀kọ́: ó ní ìdérí àti pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, ọmọ bí 400 ló ń mu ún. Kò sí ṣaláńgá kankan láàárín mítà 60. Àmọ́ pọ́ǹpù náà ń mì lórí ìdí rẹ̀.

Kànga etídò: mítà 5 péré, ilé mẹ́jọ ló ń lò ó. Bí òjò ńlá bá rọ̀, àgbàrá ń wọ inú rẹ̀ lójú gbogbo wa.

Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ni ká sì fi tẹ̀ lé e?

WoléWolé_Àná

Akọ̀wé, ẹ kú akitiyan. Ẹ má tíì ra símẹ́ǹtì rárá. Ẹ mú ìwé, bírò àti téèpù ìwọ̀n, kí ẹ rìn yí kànga kọ̀ọ̀kan ká ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Kò sí kànga tí kì í dára lójú lẹ́ẹ̀rùn. Òjò ló ń fi ọ̀nà tí ìdọ̀tí ń gbà wọlé hàn.

Ìbéèrè mẹ́wàá ni ẹ ó bi kànga àfọwọ́gbẹ́, irú èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tò fún àwọn wolé-wolé. Ṣé ṣaláńgá wà láàárín mítà 10? Ṣé ṣaláńgá kankan wà lápá òkè rẹ̀? Ṣé ààtàn, ẹran ọ̀sìn tàbí ẹ̀gbin mìíràn wà láàárín mítà 10? Ṣé omi ń dágún sí tòsí? Ṣé gọ́tà fọ́ tàbí ó dí? Ṣé ògiri ẹnu kànga kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí omi ìta lè ré e kọjá? Ṣé pèpéle kò fẹ̀ tó mítà 1 yíká? Ṣé pèpéle sán? Ṣé ojú ìpàdé ríìngì, ìyẹn òrùka kóńkéré tí a fi kọ́ ara kànga, ń jo láàárín mítà 3 àkọ́kọ́ sísàlẹ̀? Ṣé okùn àti doro máa ń wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti lè dọ̀tí? “Bẹ́ẹ̀ ni” kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì 1. Láti 0 dé 2, ewu kéré. 3 dé 5, ó wà láàárín. 6 dé 8, ewu ńlá ni. 9 àti 10, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá a.

Ohun tí ẹ kọ nípa kànga ọjà nìkan ti fún un ní 5: ṣaláńgá lápá òkè, omi tó ń dágún, gọ́tà tó dí, pèpéle tó sán, doro oníkálukú. Bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ tí ẹ sì rí ibi tí omi ń sun lára ríìngì òkè, ó di 6. Ti ilé ẹ̀kọ́ lè máà ju 1 lọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀n ewu tò wọ́n. Bí méjì bá wà ní ìwọ̀n kan náà, èyí tí èrò ń pọn jù ló ń ṣíwájú. Bí iye èrò bá tún sún mọ́ra, èyí tí àwọn tó ń pọn ọ́n kò ní omi mìíràn nítòsí ni kó ṣíwájú.

Ibi tí ìpàdé yín ti ń ṣì í ni pé kànga nìkan ni ẹ ń tò. Iṣẹ́ ni kí ẹ tò. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò gbà ju ọwọ́ àti ṣọ́bìrì lọ: kíkó gọ́tà, kíkó ààtàn kúrò, fífi doro kan ṣoṣo kọ́ sí kànga kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkọ́ tí kò jẹ́ kó kan ilẹ̀. Ẹ ṣe ìwọ̀nyí sí gbogbo àwọn àfọwọ́gbẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan. Fún ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ dè bóòtù ìdí pọ́ǹpù náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ọmọ 400 ló sì ń mu ún. Bí pọ́ǹpù bá ń mì, sìmẹ́ńtì ìdí rẹ̀ yóò lanu, omi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yóò sì gba ibẹ̀ padà sínú kànga.

Lẹ́yìn èyí ni owó ńlá yóò wá lọ sí ibi tí ewu àti èrò ti pàdé. Kànga ọjà ni, lójú tèmi. Ti etídò, ẹ kéde pé kì í ṣe omi mímu mọ́, kí ẹ kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà. Ilé mẹ́jọ náà lè máa fi fọṣọ títí owó tí a ó fi gbé ẹnu rẹ̀ ga yóò fi wá. Ọgbà ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń lé, kì í dá àgbàrá dúró.

BàbáRíìngì

Ọ̀rọ̀ gidi ni wolé-wolé sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń tún kànga ọjà ṣe, torí pé ibi iṣẹ́ ọwọ́ ni owó máa ń ṣòfò sí.

Bí pèpéle bá ti sán káàkiri, ẹ má fi símẹ́ǹtì ṣíṣàn pa á lójú. Kò ní í pẹ́ oṣù mẹ́ta tí yóò fi là padà, nítorí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ti rì. Ẹ fọ́ ọ kúrò. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ da òkúta sí i, kí ẹ sì fi òòlù kì í títí kò fi ní rì mọ́. Kí ẹ tó da kóńkéré, ẹ gbẹ́ yàrà yí ríìngì òkè ká, kó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 30, kó jìn ní mítà kan ó kéré tán, kí ẹ fi amọ̀ tí a ti fi omi pò dáadáa kì í ní ìpele-ìpele. Amọ̀ yìí ló ń dí ọ̀nà mọ́ omi tó bá fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìn ríìngì wọlé. Bí ẹ bá fò ó, pèpéle tuntun yóò rẹwà lórí, omi ẹlẹ́gbin yóò sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Pèpéle kí ó fẹ̀ ní mítà 1.5 láti ara ríìngì, kó nípọn ní sẹ̀ńtímítà 10. Bí ìbú ríìngì látìta bá jẹ́ mítà 1.2, gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 12.7, kóńkéré rẹ̀ sì sún mọ́ mítà kúbíìkì 1.3. Símẹ́ǹtì àpò 8 ni fún pèpéle, ẹ fi 4 kún un fún etí, gọ́tà àti rírẹ́ ara ríìngì. Àpòpọ̀ rẹ̀: símẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Ní ojú iṣẹ́, àpò 1 sí yanrìn bárò 1 àti òkúta bárò 2. Omi àpò kan kò gbọ́dọ̀ ju lítà 28 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn kí ó máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu torí ó rọrùn láti tẹ́, ibẹ̀ gan-an ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ó dagẹ̀rẹ̀ láti ara kànga síta, sẹ̀ńtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ etí tó ga ní sẹ̀ńtímítà 10 yí i ká, kí omi má lè gba ibòmíràn jáde yàtọ̀ sí ẹnu gọ́tà. Gọ́tà náà kí ó gùn tó mítà 6, kó parí sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí sínú ihò tí a da òkúta sí, lápá ìsàlẹ̀. Ẹ fi àpò tútù bo kóńkéré náà, kí ẹ máa wọ́n ọn lómi fún ọjọ́ 7. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ fi tó àwọn ìyálọ́jà létí ṣáájú.

Ojú ìpàdé ríìngì ní mítà 3 òkè, ẹ fi símẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 2 rẹ́ ẹ látinú. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ so okùn mọ́ra, kí ènìyàn méjì tó lágbára dúró lókè. Jẹnẹrétọ̀ tàbí pọ́ǹpù elépo kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú kànga tàbí lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ nígbà tí ènìyàn wà níbẹ̀. Gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ (carbon monoxide) kò ní òórùn tí yóò kìlọ̀ fún un, ó ń pa ènìyàn kí ó tó ké. Bí ẹni tó wà nínú bá dákẹ́, ẹ fa okùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fò wọlé lọ gbé e.

AbẹIlẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo fara mọ́ ètò náà, àmọ́ mítà 10 inú ìbéèrè yẹn ń dẹ́rù bà mí ní ìlú wa. Ìwọ̀n ìfojúwò ni, kì í ṣe ààlà ààbò. Ìlànà tí wọ́n ń lò níbi tí wàhálà bá ti lé ènìyàn kúrò nílé ni mítà 30 ó kéré tán láàárín ṣaláńgá àti omi, kí ìsàlẹ̀ ṣaláńgá sì fi mítà 1.5 ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Èyí kejì ni a máa ń gbàgbé. Ní ìgbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ ń gòkè. Ṣaláńgá tó gbẹ ní oṣù kejì lè máa wẹ̀ nínú omi ní oṣù kẹsàn-án.

Òkúta líle àtayébáyé ló wà lábẹ́ Òṣogbo. Lórí rẹ̀ ni ilẹ̀ tí òkúta jíjẹrà di, ibẹ̀ ni kànga àfọwọ́gbẹ́ ti ń rí omi. Kànga ẹ̀rọ ń wá omi nínú ìlà àti sísán òkúta. Omi tó bá bọ́ sínú sísán òkúta ń sáré, kò sí yanrìn tí yóò sẹ́ ẹ. Ní Jámánì, wọ́n ń ya ilẹ̀ tí omi yóò fi ọjọ́ 50 rìn kó tó dé kànga sọ́tọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn ti kú kí ọjọ́ 50 tó pé. Ní ilẹ̀ oníyanrìn, ìyẹn lè jẹ́ ọ̀nà kúkúrú. Nínú òkúta sísán, omi lè rin ọ̀nà jíjìn ní ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà ṣaláńgá mítà 22 lápá òkè yẹn, ẹ kà á sí ewu gidi, kí ẹ bá alága ọjà sọ̀rọ̀ láti gbé e lọ sí apá ìsàlẹ̀ bó bá ti kún.

Ohun kan sì wà nípa àwọn kànga ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ páìpù rẹ̀ wò ní sẹ̀ńtímítà 50. Bí ẹ bá bá òkúta wẹ́wẹ́ dípò símẹ́ǹtì, ẹni tó gbẹ́ ẹ ti da òkúta kún àyè ẹ̀gbẹ́ páìpù dé òkè. Àgbàrá yóò máa gba ibẹ̀ ṣubú tààrà, bí ẹni gba ojú ọ̀nà. Ní kànga tuntun, símẹ́ǹtì tí a fi omi nìkan pò ni a ń fi dí mítà 5 òkè: àpò 1 sí omi lítà 26. Bí ihò bá fẹ̀ ní mílímítà 200, tí páìpù jẹ́ 140, àyè mítà 5 ń gba nǹkan bí lítà 80, àpò 2 ni, ẹ ra 3. Ní èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, ẹ kó òkúta yẹn jáde, kí ẹ fi símẹ́ǹtì dí i, kí orí páìpù sì ga ju pèpéle lọ ní sẹ̀ńtímítà 30 sí 50. Owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbígbẹ́ tuntun.

ÌyáAláró

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ ohun tó yí kànga ká, ẹ má fi ibi tí a ti ń pa láró sílẹ̀. Aró òde òní ní kọ́sítíìkì sódà àti oògùn àwọ̀ nínú, kì í ṣe ewé ẹ̀lú àti eérú nìkan mọ́. A kì í da omi ìdí ìkòkò aró sínú ṣaláńgá tàbí ihò tó wà lápá òkè kànga. Ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ láti ṣe gàrí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: omi ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú. Ẹ pe àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà sí ìpàdé. Tí ẹ bá fi ibi tí a lè dà á sí hàn wá, a ó dà á síbẹ̀.

Akọ̀wéÀdúgbò

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fi ibi aró méjì àti ibi ìfúngàrí kan kún àwòrán tí a yà. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn alátìlẹ́yìn kilorínì kò tíì gbà, wọ́n ní ó kéré tán, ká máa dà á sí kànga ọjà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n sì ń sọ pé omi ẹ̀gbẹ́ mẹkáníìkì kò léwu bí a bá ti sè é.

ỌmọLáàbù

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Omi tó ń rùn epo, ẹ ti i pa lónìí. Sísè kò wẹ̀ ẹ́ mọ́: ohun tó bá fò jáde nínú rẹ̀ yóò kún ilé ìdáná, ẹni tó ń sè é ló sì ń fà á símú. Kilorínì kò ràn án rárá, kòkòrò ló ń pa. Ẹ yọ ọwọ́ ẹ̀rọ, ẹ fi àgádágodo sí i, kí ẹ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ àti iléeṣẹ́ tó ń mójú tó àyíká létí, kí wọ́n lè wá bu omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò epo. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ́ìlì tí wọ́n bá tú sílẹ̀ kí ó wọ dọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, lórí ilẹ̀ tí a fi kóńkéré tẹ́, lábẹ́ òrùlé. Ẹ má da ìdọ̀tí tàbí yẹ̀pẹ̀ sínú kànga náà láti dí i, nítorí ihò tí a kò dí dáadáa yóò di ọ̀nà tí epo ń gbà dé omi àwọn kànga yòókù. Títì kànga yìí kò ná yín ju àgádágodo lọ, ènìyàn 200 ni yóò sì gbà lọ́wọ́ benzene, májèlé inú epo. Òun ló yẹ kó ṣíwájú kànga ọjà.

Kilorínì wá. Ó dára lẹ́yìn àtúnṣe, láti pa ohun tó wà nínú kànga. Kànga tí àgbàrá ṣì ń wọ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Bí inú kànga bá fẹ̀ ní mítà 1, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 3, ó jẹ́ lítà 2,350 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. A fẹ́ mílígíráàmù 50 nínú lítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kilorínì gíráàmù 118. Bí ìyẹ̀fun tí ẹ rà bá jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 168 ni. Bó bá jẹ́ kilorínì olómi tí wọ́n kọ 3.5 sí lára, nǹkan bí lítà 3.4 ni. Ẹ po ìyẹ̀fun nínú korobá ike tó kún fún omi, omi ni kí ó kọ́kọ́ wọ korobá. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi kí ìdí rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ da omi òkè yíká ara ògiri kànga. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí 12. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ fa omi náà jáde títí òórùn rẹ̀ yóò fi tán, kí ẹ má dà á sí odò. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ṣe pàtàkì, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ni kí ẹ ti po ó.

Ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ bu omi fún àyẹ̀wò. Ìgò tí láàbù fún yín nìkan ni kí ẹ lò, ẹ má fi omi ṣàn án, ẹ má fọwọ́ kan inú ìdérí rẹ̀. Kí ó wọ inú kúlà oníyìnyín, kó dé láàbù láàárín wákàtí 6. E. coli, kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo nínú mílílítà 100. Ẹ ní kí wọ́n wo nitrate pẹ̀lú, kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi ṣaláńgá tàbí ajílẹ̀ ti ń dé ibẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ fi po oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Sísè ń jẹ́ kí nitrate pọ̀ sí i ni. Ìgbà méjì lọ́dún tó: lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ àti nígbà tí òjò bá ń parí lọ. Bí owó bá kù díẹ̀, ti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ má yẹ̀.

BàbáRíìngì

Mo tì í lẹ́yìn. Àgádágodo lónìí, doro kan ṣoṣo àti gọ́tà ní Sátidé, bóòtù ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kànga ọjà lẹ́yìn rẹ̀, kí owó tó bá ṣẹ́kù lọ sí símẹ́ǹtì ẹ̀gbẹ́ páìpù àwọn kànga ẹ̀rọ méjì yòókù. Ẹ dá ọjọ́ iṣẹ́ pèpéle sí ìsinmi òjò oṣù kẹjọ tàbí lẹ́yìn oṣù kọkànlá. Òjò tó bá rọ̀ lé kóńkéré kí wákàtí 8 tó pé yóò fọ símẹ́ǹtì ojú rẹ̀ lọ, ẹ ó sì rí i ní ọjọ́ kejì: yanrìn ni ẹ ó máa tẹ̀.

Akọ̀wéÀdúgbò

Ó ti yé mi. Ọwọ́ ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ mẹkáníìkì yóò kúrò lónìí. Bí òjò bá rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yóò fi ìbéèrè mẹ́wàá yẹn yí àwọn mẹ́fà tó kù ká, màá sì kó máàkì wọn wá síbí.